Ẹ̀KỌ́ KẸTÀLÁ: BÍ A ṢE Ń PÀÀRỌ̀ KABÚRÉTỌ̀ ALÙPÙPÙ ÀTIJỌ́

Ní agbègbè Atakpamé, a ṣì máa ń rí àwọn alùpùpù àtijọ́ tó ń rú èéfín bí wọ́n bá ń gun òkè: Yamaha V80, Suzuki AX100, àti Mobylette tí àwọn bàbá wa fi ń lọ sóko. Nígbà ìyanṣẹ́lódì ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1992 ní Tógò, ọ̀pọ̀ èèyàn gbé alùpùpù wọn jáde láti fi kó èrò. Báyìí ni iṣẹ́ zémidjan ṣe gbilẹ̀. Lónìí, alùpùpù tí a kì í da ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n àwọn àtijọ́ kò tíì tán. Ẹni tó ní ọ̀kan tí kò sì lówó òmíràn, ó yẹ kó mọ ìtọ́jú rẹ̀.

Àwọn mẹkáníìkì ń pe ẹ́ńjìnnì yìí ní tú-sítróòkù. Ọ́ìlì rẹ̀ kò dúró sísàlẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Pẹ̀lú epo ló ń wọlé, òun ló sì ń mú kí písítìnì yọ̀. Nítorí náà, bí epo bá dín, ooru á pọ̀. Bí a bá po ọ́ìlì mọ́ epo, ọ́ìlì náà á dín pẹ̀lú rẹ̀. Písítìnì á gbóná, á wú, á há mọ́ ojú ihò rẹ̀. Ẹ̀yìn á dúró gbọin lójijì. Ẹ wo ẹni tó gbé àpò kòkó méjì sẹ́yìn lójú ọ̀nà Badou, níbi tí kọ́nà pọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn! Nǹkan tí à ń kọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ alùpùpù nìkan.

Kí ni kabúrétọ̀ ń ṣe? Ó ń po epo pọ̀ mọ́ atẹ́gùn. Nínú rẹ̀, irin róbótó kan wà tó ń lọ sókè sódò bí a bá lọ́ ọwọ́ iná. Sílááìdì ni wọ́n ń pè é. Abẹ́rẹ́ gígùn kan so mọ́ ọn. Nísàlẹ̀, ago kékeré kan wà tó ń gba epo, jẹ́ẹ̀tì méjì sì wà níbẹ̀, kékeré àti ńlá. Jẹ́ẹ̀tì jẹ́ irin pupa tó ní ihò tíntín láàárín. Ihò yìí ló ń wọn epo. Bí ẹ bá lọ rà á ní ọjà, ẹ bèèrè gicleur, bí àwọn onípáàtì ní Tógò ti ń pè é ní èdè Faransé.

Bí kabúrétọ̀ bá ti pẹ́, sílááìdì á jẹ ara ilé rẹ̀, abẹ́rẹ́ náà á sì jẹ ojú ihò tó ń wọ̀. Epo á máa kọjá ju bó ti yẹ lọ. Ẹ lè fọ̀ ọ́ títí, kò ní dáa. Ìgbà náà ni à ń ra tuntun.

Ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń rà á. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń tà lónìí ni wọ́n ṣe bíi Mikuni ti ilẹ̀ Japan, ṣùgbọ́n jẹ́ẹ̀tì inú wọn lè jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì mìíràn. Pé ó wọ ojú rẹ̀ dáadáa kò ní kó wọn epo dáadáa. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Ẹ wọn ẹnu rẹ̀ àti àárín ihò bóòtù méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé èyí tí ẹnu rẹ̀ tóbi jù ló máa sáré jù. Bí ẹnu bá tóbi jù, atẹ́gùn kò ní fà dáadáa, alùpùpù á sì máa kọ́ bí ẹ bá fẹ́ gbéra.

Ó di dídè. Ẹ ti ẹnu epo pa. Ẹ tú ti àtijọ́, ẹ ha ojú ibi tó ti jókòó mọ́, ẹ sì fi gásíkẹ̀ẹ̀tì tuntun sí i. Bóòtù méjèèjì, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa mú wọn, ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, òsì lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fi agbára mú un, ojú rẹ̀ á tẹ̀, atẹ́gùn á máa gba ibẹ̀ wọlé. Ibi tí a gé lára sílááìdì gbọ́dọ̀ kọjú sí asẹ́ atẹ́gùn. Kí ẹ tó tan iná, ẹ lọ́ ọwọ́ iná, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Bí kò bá padà fúnra rẹ̀, ẹ má gùn ún.

Alùpùpù tó ní pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì tirẹ̀, wáyà kan náà ló ń fa sílááìdì àti pọ́ọ̀ǹpù. Mo ti rí ẹni tó de kabúrétọ̀ tó sì gbàgbé wáyà ti pọ́ọ̀ǹpù. Kò rìn jìnnà. Ẹ wo àmì ara pọ́ọ̀ǹpù, kí ẹ rí i pé ó bá ojú ara wọn mu.

Ó wá kan jẹ́ẹ̀tì. Ibí ni ìwé kíkà yín ti máa wúlò. Nọ́ńbà kékeré kan wà lára jẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi aṣọ nù ún, kí ẹ kà á nínú oòrùn. Bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni epo ṣe ń pọ̀ tó: 90 ń fún un lépo ju 85 lọ. Àmọ́ ẹ má fi nọ́ńbà Mikuni wé ti Dellorto, òṣùwọ̀n wọn kò papọ̀. Ẹ má sì ki wáyà bọ ihò náà láé. Bí ihò bá ti fẹ̀, irọ́ ni nọ́ńbà ara rẹ̀ ń pa.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pín ọwọ́ iná sí ọ̀nà mẹ́rin. Ní ìdá àkọ́kọ́, jẹ́ẹ̀tì kékeré àti síkúrúù atẹ́gùn ló ń ṣiṣẹ́. Ní àárín, abẹ́rẹ́ ni. Ní ìdá tó gbẹ̀yìn, jẹ́ẹ̀tì ńlá ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí jẹ́ẹ̀tì ńlá, nítorí òun ló ń dáàbò bo písítìnì lórí òkè. Ẹ fi èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi sí i kọ́kọ́. Epo tó pọ̀ jù á rú èéfín lásán. Epo tó kéré jù á pa ẹ́ńjìnnì.

Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná. Ẹ fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i, kí asẹ́ atẹ́gùn sì wà nípò rẹ̀. Ẹ wá ọ̀nà tó ṣófo tó ń gòkè díẹ̀. Ẹ lọ́ ọwọ́ iná dé òpin fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, lẹ́yìn náà ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ pa iná lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹ́ kó tutù, kí ẹ tú púlọ́ọ̀gì, kí ẹ wo funfun inú rẹ̀. Bó bá dà bíi kọfí tí a da wàrà sí, ó dáa. Bó bá dúdú tó tutù fún ọ́ìlì, ẹ sọ nọ́ńbà kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan. Bó bá funfun bí eérú, ẹ má gùn ún mọ́ títí ẹ ó fi mú nọ́ńbà gòkè.

Abẹ́rẹ́ máa ń ní ojú márùn-ún níbi tí píìnì ń dè é. Ó máa ń da orí èèyàn rú, mo mọ̀. Bí píìnì bá sọ̀ kalẹ̀, abẹ́rẹ́ á gòkè, epo á pọ̀. Bí píìnì bá gòkè, epo á dín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ojú àárín.

Síkúrúù atẹ́gùn ti Mikuni àtijọ́ wà ní ìhà asẹ́. Ẹ rọra wé e títí tó fi kan ìdí, kí ẹ tú u padà ní ìlọ́po kan àbọ̀. Bí ẹ bá tú u sí i, atẹ́gùn á pọ̀. Ẹ wá ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń sáré jù láìlọ́wọ́ iná.

Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ àárọ̀ máa ń tutù, ó sì máa ń ki, nítorí náà epo á dà bí ẹni pé ó dín. Eruku náà á dí asẹ́. Àwọn kan á wá da ọ́ìlì púpọ̀ sí epo pé àwọn ń ṣàánú ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì yẹn ń gba àyè epo nínú jẹ́ẹ̀tì ni! Ẹ tẹ̀lé ohun tí ìwé alùpùpù yín wí. Bí ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè gígùn, ẹ máa lọ́ ọwọ́ iná díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọ́ìlì lè wọlé.

ÌDÁNRAWÒ. Bí alùpùpù kan bá ń gba ọ́ìlì mílílítà 40 fún lítà epo kan, mílílítà mélòó ni yóò gba fún lítà 5? Púlọ́ọ̀gì funfun, jẹ́ẹ̀tì jẹ́ 85: nínú 80 àti 90, èwo ni ẹ ó mú? Ẹ ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé yín, kí ẹ kọ ọjọ́ òní, nọ́ńbà jẹ́ẹ̀tì alùpùpù yín, ojú tí píìnì wà, àti àwọ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀.