Ẹ̀kọ́ nípa Ẹ̀rọ Agbóhùnga, àti Bí A Ṣe Ń Fi Í sí Ara Alùpùpù

Ní ayé àwọn baba wa, bí ọba tàbí baálẹ̀ bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ìlú sọ, akéde ni í mú agogo lọ́wọ́, tí í sì rìn láti àdúgbò dé àdúgbò. Yóò lu agogo, yóò dúró, yóò sọ ọ̀rọ̀ náà, yóò sì kọjá sí iwájú. Kì í ṣe agbára ọ̀fun rẹ̀ nìkan ni ó ń mú kí gbogbo ìlú gbọ́, bí kò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ń gbé e súnmọ́ àwọn ènìyàn. Kí olùkàwé fi èyí sí ọkàn, nítorí orí rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí dúró lé.

Lónìí, alùpùpù ti gba ipò ẹsẹ̀ akéde, ẹ̀rọ sì ti gba ipò agogo. Oníwàásù ń gbé e lọ sí abúlé, ẹni tí ń ta oògùn èkúté ń gbé e wọ ọjà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ń fi irú rẹ̀ kéde ọjọ́ tí a óò fún àwọn ọmọdé ní àjẹsára. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, nígbà tí a kéde pé àrùn rọmọlápá rọmọlẹ́sẹ̀ irú ti àtilẹ̀wá ti kúrò ní agbègbè Áfíríkà ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ohùn àwọn akéde abúlé wà lára ohun tí ó ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Nítorí náà, ohun tí ó wúlò ni ẹ̀rọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi í sí ara alùpùpù láìmọ̀ ọ̀nà rẹ̀ lè jó wáyà, ó lè pa bátìrì, ó sì lè di etí ara rẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ JẸ́

Ẹ̀yà mẹ́ta ni ó ní. Èkíní ni máíkì, tí ó dàbí etí: òun ni í gba ohùn ènìyàn, tí í sì sọ ọ́ di iná mànàmáná tí ó kéré púpọ̀. Èkejì ni áńpílífáyà, tí ó dàbí iṣan apá: òun ni í gba iná kékeré náà, tí í sì fi agbára bátìrì sọ ọ́ di ńlá. Ẹ̀kẹta ni sípíkà, tí ó dàbí ẹnu: òun ni í sọ iná náà di ohùn padà. Sípíkà tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu kàkàkí, tí a ń pè ní họ́ọ̀nù, ni ó yẹ alùpùpù jùlọ, nítorí ó ń darí ohùn sí ọ̀nà kan, kì í sì í jẹ iná púpọ̀.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1915, ní ilẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, Peter Jensen àti Edwin Pridham ṣe sípíkà kan tí wọ́n sọ ní Magnavox, èyí tí ó túmọ̀ sí “ohùn ńlá” ní èdè Látìn. Ní ọdún 1919, Woodrow Wilson, ààrẹ Amẹ́ríkà, fi irú rẹ̀ bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ ní ìlú San Diego. Ní Nàìjíríà, ọdún 1935 ni ìjọba ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà gbé ohùn wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Nítorí pé àpótí náà a máa sọ̀rọ̀ láìgba èsì, àwọn Yorùbá sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì.

BÍ A TI Ń MỌ AGBÁRA RẸ̀

Kí a fi iná wé omi tí ń kọjá nínú ọ̀pá. Fóltì ni ohun tí ń ti omi náà síwájú. Áńpì ni bí omi tí ń kọjá ti pọ̀ tó. Wáàtì sì ni iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì jùmọ̀ ń ṣe. Bí a bá fi fóltì pín wáàtì, áńpì ni a óò rí. Bátìrì ọ̀pọ̀ alùpùpù jẹ́ fóltì 12. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ń jẹ wáàtì 60 yóò fa áńpì 5.

Kí ẹni tí ń lọ sí ọjà ṣọ́ra fún àkọlé. A lè rí áńpílífáyà tí a kọ wáàtì 1,000 sí lára, tí fíùsì rẹ̀ sì jẹ́ ti áńpì 10. Bí a bá sọ 10 di ìlọ́po 12, ó jẹ́ 120. Bí ẹ́ńjìnnì bá tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí fóltì sì gòkè dé 14, kò ju 140 lọ. Ẹ̀rọ tí kò lè gba ju wáàtì 140 wọlé, níbo ni yóò ti rí 1,000 sọ jáde? Kí a wo fíùsì kí a tó wo àkọlé.

Ohun mìíràn tún wà. Bí a bá sọ agbára ẹ̀rọ di ìlọ́po mẹ́wàá, etí yóò gbọ́ ọ bí ẹni pé ohùn náà kàn di ìlọ́po méjì ni. Ní gbangba, bí a bá sọ jíjìnnà wa sí họ́ọ̀nù di ìlọ́po méjì, ohùn a dín ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6. Nítorí èyí, ẹni tí ó fi ẹ̀rọ wáàtì 30 yí abúlé márùn-ún ká, tí ó ń dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò rí ènìyàn tí ó gbọ́ ọ yékéyéké ju ẹni tí ó fi wáàtì 300 pariwo láti ojú kan. Akéde àtijọ́ kò ka ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ èyí.

Ọ̀RỌ̀ BÁTÌRÌ

Bátìrì tí a bá lára alùpùpù kéré. Bí a bá kọ áńpì-wákàtí 5 sí i, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó lè fún ni ní áńpì 5 fún wákàtí kan, kí ó sì gbẹ. Ṣùgbọ́n bátìrì olójé kò fẹ́ kí a mu ún gbẹ. Ẹni tí ó bá ń mu ún kọjá ìdajì nígbà gbogbo ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ń fa áńpì 5 kò gbọdọ̀ ju ìdajì wákàtí lọ lórí rẹ̀.

Kí a ro ti olùkọ́ ìjọ kan tí ó wàásù ní abúlé fún wákàtí méjì lórí bátìrì alùpùpù rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì wà ní pípa. Nígbà tí ìsìn parí, ilẹ̀ ti ṣú. Ní wákàtí náà ni ìrọbí mú aboyún kan, alùpùpù yẹn nìkan ni ó sì wà ní abúlé tí ó lè gbé e dé ilé ìwòsàn. Olùkọ́ tẹ bọ́tìnì, kò jẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tí ó jẹ́, fìtílà iwájú pọ́n bí ẹyin iná tí ń kú lọ, ọ̀nà oko sì kún fún kòtò. Ìwàásù rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó ti ná iná tí ó yẹ kí ó fi gba ẹ̀mí là.

Ọ̀nà àbáyọ ni láti ní bátìrì kejì fún ẹ̀rọ nìkan, tí a óò máa kún láti ilé pẹ̀lú iná ìjọba tàbí ti oòrùn. Bí ó bá jẹ́ ti áńpì-wákàtí 20, ẹ̀rọ tí ń fa áńpì 5 yóò mu ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ní wákàtí kan. Bátìrì alùpùpù yóò sì wà ní pípé fún ọ̀nà ilé.

ÌLÀNÀ IṢẸ́ NÁÀ

1. Àpótí. Kí a de àpótí tí ó lágbára mọ́ kẹ́ríà, jìnnà sí sàlẹ́ńsà. Kí bátìrì wà ní ìsàlẹ̀, kí ó má lè yí. Kí a gé tíúbù táyà àtijọ́ sí abẹ́ áńpílífáyà àti sí ìdí bóòtù kọ̀ọ̀kan, nítorí gbígbọ̀n ọ̀nà oko a máa tú ohun tí ọwọ́ ti fún. Kí a dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ àpótí fún afẹ́fẹ́, kì í ṣe sí òkè níbi tí òjò yóò gbà wọlé.

2. Họ́ọ̀nù. Kí ó dojú kọ ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe ọrùn ẹni tí ń gun alùpùpù. Kí ẹnu rẹ̀ dagun díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí omi má baà dúró nínú rẹ̀. Kí ó má bo iná ẹ̀yìn.

3. Wáyà. Kí ó jẹ́ ti bàbà onífọ́nrán púpọ̀. Wáyà ilé tí ó jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo a máa ṣẹ́ nítorí gbígbọ̀n.

4. Fíùsì. Ara wáyà pupa ni ó ń wà, kí ó má sì jìnnà sí bátìrì ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí wáyà bá bó tí ó sì kan irin níwájú fíùsì, fíùsì yóò já. Ṣùgbọ́n bí ó bá bó láàárín bátìrì àti fíùsì, kò sí ohun tí yóò dá iná dúró, abẹ́ táńkì epo sì súnmọ́ ibẹ̀. Ẹni tí ó fi ìṣó tàbí bébà páálí sìgá dípò fíùsì ti lé olùṣọ́ ilé rẹ̀ lọ.

5. Sípíkà. A máa ń kọ óòmù sí ara rẹ̀. Bí áńpílífáyà bá ní òun kò fẹ́ kí ó dín ní óòmù 4, họ́ọ̀nù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ óòmù 8 ni a lè so pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọn yóò di 4. Bí a bá fi ẹ̀kẹta kún un, kò ní tó 4 mọ́, ẹ̀rọ yóò sì gbóná títí yóò fi jó.

6. Síso mọ́ bátìrì. Èyí ni kí ó kẹ́yìn. Kí a so pupa ṣáájú, dúdú lẹ́yìn; nígbà tí a bá ń tú u, kí dúdú ṣáájú. Kí a yí ohùn sí òdo kí a tó tan ẹ̀rọ.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́ yìí, kí ó pe oníṣẹ́ iná mọ́tò tí a ń pè ní rẹwáyà, kí ó sì dúró tì í, kí ó rí ibi tí ó fi fíùsì sí.

ÀÌSÀN Ẹ̀RỌ ÀTI ÌWÒSÀN RẸ̀

Bí ẹ̀rọ bá ń han goorogo, máíkì ń gbọ́ họ́ọ̀nù ni. Kí olùsọ̀rọ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn họ́ọ̀nù, kí ó sì dín ohùn kù. Bí ó bá ń kùn bí oyin, tí kíkùn náà ń ga bí ẹ́ńjìnnì ti ń yára, kí a gbé wáyà máíkì jìnnà sí wáyà púlọ́ọ̀gì. Bí ohùn bá ń fọ́, a ti yí i ga jù. Bí wáyà bá gbóná lọ́wọ́, kí a pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀: ó tín-ín-rín jù, tàbí ìsopọ̀ kan dẹ̀.

ÌLERA ETÍ

Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣe ìwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́ gbani níyànjú pé kí etí má gba ariwo dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí ariwo bá fi 3 ga sí i, kí àkókò dín sí ìdajì. Nígbà tí ó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Etí tí ariwo bá bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Nítorí náà, kí a má jẹ́ kí ọmọdé dúró sí ẹnu họ́ọ̀nù. Kí a pa á bí a bá ń kọjá níwájú ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ọ̀fọ̀. Kí a má di máíkì mú nígbà tí alùpùpù ń rìn, nítorí ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń gùn ún.

Ní ìkẹyìn, kí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ yìí má sọ ara rẹ̀ di asọ̀rọ̀mágbèsì. Àpótí àtijọ́ kò lè sọ̀kalẹ̀, kò sì lè jókòó ti aláìsàn. Ẹni tí ó gun alùpùpù lè pa ẹ̀rọ, kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó sì gbọ́ ohun tí àwọn ará abúlé ní láti sọ.

ÌBÉÈRÈ

1. Ẹ̀yà mélòó ni ẹ̀rọ agbóhùnga ní, kí sì ni iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan?
2. Áńpì mélòó ni ẹ̀rọ tí ń jẹ wáàtì 36 yóò fa lára bátìrì fóltì 12?
3. Èéṣe tí fíùsì fi ní láti súnmọ́ bátìrì?
4. Èéṣe tí bátìrì kejì fi yẹ ẹni tí ń lọ sí abúlé?
5. Kí ni akéde àtijọ́ mọ̀ tí ó yẹ kí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ kọ́?