Ìṣirò Ìrìn-àjò Òfuurufú láti Àkúrẹ́ sí Èkó

Àwọn ènìyàn a máa wí ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, pé ìṣẹ́jú 45 péré ni ọkọ̀ òfuurufú fi ń dé Èkó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò pé. Ó yẹ kí olúkúlùkù mọ ìyókù rẹ̀ kí ó tó san owó ọkọ̀, nítorí owó náà kì í ṣe kékeré.

Ọkọ̀ ilẹ̀ tí ó gba Oǹdó, Orè àti Ìjẹ̀bú-Òde yóò rin nǹkan bí kìlómítà 300 kí ó tó dé Èkó. Ọkọ̀ òfuurufú kì í yà sí ìlú kankan. Láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́ dé ti Ìkẹjà, bí ẹyẹ ti ń fò, nǹkan bí kìlómítà 231 ni, èyí tí í ṣe máìlì 144.

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ àkókò, kí ó fi eré ọkọ̀ pín jíjìn ọ̀nà. Ọkọ̀ òfuurufú ATR 72, tí ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fò, lè sáré tó kìlómítà 500 ní wákàtí kan. Bí a bá fi 500 pín 231, tí a sì fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀, ìṣẹ́jú 28 ni yóò jáde. Níbo wá ni ìṣẹ́jú 17 yòókù lọ? Ọkọ̀ náà ní láti rìn lórí ilẹ̀ kí ó tó gbéra. Kì í sáré tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń gòkè. Bí ó bá sì ń sọ̀kalẹ̀, ó ní láti dẹ eré rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, tí oníṣègùn ní kí ó gbé ọmọ rẹ̀ wá sí Erékùṣù Èkó ní agogo 12 ọ̀sán. Ó rí ọkọ̀ òfuurufú tí yóò gbéra ní agogo 10, inú rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n kí ó ṣírò rẹ̀ báyìí:

Láti ọjà dé pápá ọkọ̀: ìṣẹ́jú 30.
Ìdúró kí ọkọ̀ tó gbéra: wákàtí 1.
Ní òfuurufú: ìṣẹ́jú 45.
Gbígba ẹrù ní Ìkẹjà: ìṣẹ́jú 30.
Láti Ìkẹjà dé Erékùṣù: wákàtí 1, bí ọ̀nà kò bá dí.

Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 45. Bí ó tilẹ̀ kúrò ní ọjà ní agogo 8 ààbọ̀ òwúrọ̀, agogo 12 yóò ti fi ìṣẹ́jú 15 kọjá kí ó tó dé. Ìyá náà kò ní bá oníṣègùn ní àkókò. Ó sàn kí ó ti lọ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú.

Ní ìgbà ọyẹ́, eruku a máa bo ojú ọ̀run tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ òfuurufú kì í rí ibi tí yóò bà sí. Nígbà náà, ọkọ̀ lè pẹ́, tàbí kí ó má tilẹ̀ gbéra rárá.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó bá ń lọ sí ìrìn-àjò, kí ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀.

Ìbéèrè: Bí ọkọ̀ òfuurufú yóò bá gbéra ní agogo 2 ọ̀sán, agogo mélòó ni ó yẹ kí èrò kúrò ní Ọjà Ọba?