Abèèrè-Ọ̀nà Kì í Ṣìnà: Bí A Ti Lè Ran Ọmọ Lọ́wọ́ Láti Yan Ẹ̀kọ́ Ìdánwò



Ní ọdọọdún, nígbà tí èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá bá jáde, inú àwọn òbí kan a máa dùn, inú àwọn mìíràn a sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan tún wà tí inú wọn a kọ́kọ́ dùn, tí kì í sì í pẹ́ tí ayọ̀ náà fi ń di ìbànújẹ́. Ọmọ wọn yege, ṣùgbọ́n nígbà tí ó mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n sọ fún un pé àwọn ẹ̀kọ́ tí ó fi yege kọ́ ni wọ́n ń béèrè fún iṣẹ́ tí ó fẹ́ kọ́. Ọmọ ti ṣiṣẹ́, bàbá ti san owó, ìyá ti ná èrè ọjà rẹ̀ lé e lórí, síbẹ̀ ilẹ̀kùn kò ṣí. Ohun tí ó fa èyí kì í ṣe ọ̀lẹ tàbí àìgbọ́n, bí kò ṣe pé a kò béèrè ọ̀nà kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn.

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí yóò fi hàn wá bí a ti lè dènà irú àdánù bẹ́ẹ̀. Òbí tí kò mọ̀wé rárá pàápàá lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí ìbéèrè ni iṣẹ́ náà, ẹnu ni a sì fi ń béèrè.

ÌDÁNWÒ NÁÀ

Ìgbìmọ̀ ìdánwò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WAEC ni a dá sílẹ̀ ní ọdún 1952 fún àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà. Ní ọdún 1999 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá NECO sílẹ̀, tí òun náà ń ṣe irú ìdánwò kan náà. Àwọn àgbà inú wa yóò rántí pé ọdún 5 ni a fi ń kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1982 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín in sí ọdún 3 ní ẹ̀ka kékeré àti ọdún 3 ní ẹ̀ka àgbà, ọdún 1988 ni a sì kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àṣejáde ti ẹ̀ka àgbà náà.

Ẹ̀kọ́ 8 tàbí 9 ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń fi orúkọ sílẹ̀ fún. Ọ̀nà méjì ni àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí pín sí. Èkíní ni ẹ̀kọ́ dandan, tí kò sí ẹni tí ó lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò ni olórí wọn. Ẹ̀kọ́ nípa jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè rere àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan wà pẹ̀lú wọn. Èkejì ni ẹ̀kọ́ àṣàyàn, tí ọmọ fúnra rẹ̀ yóò yàn. Àwọn ẹ̀kọ́ àṣàyàn yìí gan-an ni ó ń sọ ibi tí ọmọ yóò lè wọ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Nínú èsì, A1 ni ó ga jù, F9 sì ni ìkùnà. Láti A1 dé C6 ni a ń pè ní kírẹ́díìtì. D7 àti E8 jẹ́ àṣeyege lásán, wọn kò sì ka iye kírẹ́díìtì tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń béèrè. Nítorí náà, bí ọmọ bá sọ pé òun yege nínú ẹ̀kọ́ 8, ẹ bi í pé: “Mélòó ni kírẹ́díìtì nínú rẹ̀, àwọn wo sì ni?”

ÌGBÀ TÍ A Ń YÀN

Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ọdún tí ọmọ yóò ṣe ìdánwò ni a ń yan ẹ̀kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ wọ SS1, èyí tí í ṣe kíláàsì kìíní ní ẹ̀ka àgbà, ni a ti ń pín wọn sí ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì, ẹgbẹ́ ìmọ̀ èdè àti ìtàn, tàbí ẹgbẹ́ òwò. Ọmọ ọdún 14 tàbí 15 ni púpọ̀ nínú wọn nígbà náà. Bí a bá dé SS3, tí a ń fi orúkọ ránṣẹ́ sí WAEC, ohun tí a ti ń kọ́ láti ọdún 2 sẹ́yìn ni a kàn ń kọ sílẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ Chemistry rí kò lè jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ó sọ pé òun yóò ṣe é ní ìdánwò.

Àgbẹ̀ mọ èyí dáadáa. Ẹni tí kò gbin iṣu ní àkókò rẹ̀ kò lè wá a nínú ebè nígbà ìkórè.

OHUN TÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ GÍGA Ń BÉÈRÈ

Yunifásítì ń béèrè kírẹ́díìtì 5 ó kéré tán, Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga pólì ń béèrè kírẹ́díìtì 4 fún ìwé ẹ̀rí ND. Ní ti Ìṣirò, ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 pé a kò ní fi kírẹ́díìtì rẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ń lọ kọ́ ìmọ̀ èdè, ìtàn àti irú wọn. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n sì sọ pé kí ọmọ pa Ìṣirò tì. Àṣìgbọ́ ni. Ìjọba tún ṣàlàyé pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò ṣì máa ṣe Ìṣirò ní ìdánwò àṣejáde, ó sì ṣì jẹ́ dandan fún ẹni tí ń lọ kọ́ sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ẹ̀rọ, tàbí ìmọ̀ ọrọ̀-ajé.

Ẹ wo bí iṣẹ́ ti yàtọ̀ sí ara wọn. Ẹni tí yóò di dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ní yunifásítì gbọ́dọ̀ ní Biology, tí í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Chemistry, tí í ṣe ẹ̀kọ́ nípa èròjà inú ohun gbogbo. Àti Physics, tí í ṣe ẹ̀kọ́ nípa agbára, ìmọ́lẹ̀ àti iná mànàmáná. Ẹni tí yóò di ẹnjinníà kò lè ṣe aláìní Ìṣirò, Physics àti Chemistry. Ẹni tí yóò kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì kò lè fojú fo Chemistry. Ẹni tí yóò di lọ́yà nílò Lítíréṣọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí yóò kọ́ ìṣirò owó nílò Ìṣirò àti Economics.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò JAMB, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1978. Ẹ̀kọ́ 4 ni ọmọ ń ṣe níbẹ̀, Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti 3 mìíràn tí ó bá iṣẹ́ tí ó fẹ́ kọ́ mu. Ọgọ́rùn-ún máàkì ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 400. Bí ọmọ bá gba máàkì gíga nínú ẹ̀kọ́ 4 tí kò bá iṣẹ́ náà mu, asán ni.

ÀPẸẸRẸ KAN

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọbìnrin kan fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ó mú Biology àti Chemistry, ṣùgbọ́n ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé Physics le jù fún obìnrin, ó sì fi ẹ̀kọ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ní òpin SS3, ó ní kírẹ́díìtì 7. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí èsì náà yóò kí i kú oríire. Síbẹ̀, yunifásítì tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò ní gbà á, nítorí kírẹ́díìtì 7 náà kò ní Physics nínú. Ọmọkùnrin kan tí ó ní kírẹ́díìtì 5 péré, ṣùgbọ́n tí 5 náà jẹ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Biology, Chemistry àti Physics, ti bọ́ sí iwájú rẹ̀.

Kì í ṣe pé ọmọkùnrin náà gbọ́n jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀rẹ́ ni ọmọbìnrin náà fi yàn, òun sì fi ìbéèrè yàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọbìnrin yín pé ẹ̀kọ́ kan wà tí kì í ṣe ti obìnrin.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN TÍ ÒBÍ YÓÒ BÉÈRÈ

Kí ọmọ tó wọ SS1, ẹ pè é jókòó ní ilé, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́rin yìí.

Èkíní: Iṣẹ́ wo ni ìwọ fẹ́ ṣe? Kì í ṣe èyí tí bàbá fẹ́ nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èyí tí ọ̀rẹ́ ń ṣe. Bí ọmọ kò bá tíì mọ̀, kò burú. Ẹ bi í ní ohun tí ó fẹ́ràn àti ohun tí ó ń ṣe dáadáa ní kíláàsì.

Èkejì: Ẹ̀kọ́ wo ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń béèrè fún iṣẹ́ náà? Ìwé ìlànà JAMB ni ó ní ìdáhùn. Kí ọmọ bẹ olùkọ́ rẹ̀ kí ó fi hàn án, kí ó dà á kọ, kí ó sì kà á sí yín létí ní Yorùbá. Bí kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀, kò tíì yé òun náà.

Ẹ̀kẹta: Báwo ni máàkì rẹ nínú àwọn ẹ̀kọ́ náà? Ẹ wo èsì ọdún 3 ẹ̀ka kékeré, kì í ṣe ti sáà kan. Bí máàkì bá kéré díẹ̀, ìrànlọ́wọ́ lè gbé e dìde. Bí ó bá kéré púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ fi sùúrù bá ọmọ sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ̀kẹrin: Ǹjẹ́ olùkọ́ wà fún ẹ̀kọ́ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ? Nínú Physics, Chemistry àti Biology, ìdánwò àfọwọ́ṣe wà, níbi tí ọmọ yóò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn nǹkan, tí yóò sì da èròjà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ọmọ tí kò fi ọwọ́ kan irinṣẹ́ rí kò lè ṣe é dáadáa. Bí olùkọ́ tàbí irinṣẹ́ kò bá sí, kí àwọn òbí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ nígbà tí ọmọ ṣì wà ní SS1. Bí a bá dúró di SS3, ó ti pẹ́ jù.

Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ

Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ tí ọmọ yàn ṣí ilẹ̀kùn méjì fún un, ó kéré tán. Ọmọ tí ó ní Biology, Chemistry, Physics àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lè wá iṣẹ́ dókítà. Bí èyí kò bá bọ́ sí i, ó lè kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, tàbí kí ó di olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, tí a ń wá kiri ní gbogbo ìlú wa. Ọmọ tí ó ní Lítíréṣọ̀, Yorùbá, Ìtàn àti ẹ̀kọ́ nípa Ìjọba lè wá iṣẹ́ lọ́yà, ó sì lè di oníròyìn tàbí olùkọ́ èdè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú Yorùbá. Kírẹ́díìtì ni kírẹ́díìtì, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì ń rí i gbà nínú èdè ìyá wọn.

Àwa tí a wà ní Ẹ̀rìn-Ilé kò sì jìnnà sí ibi tí a ti lè béèrè. Federal Polytechnic, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, wà ní Ọ̀fà nítòsí wa, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ti Ìpínlẹ̀ Kwara. Yunifásítì Ìlọrin ti wà láti ọdún 1975, ti Ìpínlẹ̀ Kwara sì wà ní Màlété láti ọdún 2009. Òbí lè mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé kí ó sì béèrè.

Kí a má sì gbàgbé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọdún 2025, mẹ́fà ni wọ́n: fífi ẹ̀rọ iná oòrùn sí ilé àti títún un ṣe, aṣọ rírán, ẹran sísìn, iṣẹ́ ìṣaralóge, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti ọ̀gbìn. Ẹ má ṣe kà á sí ohun tí a fi ń kún iye. Ọmọ tí ó bá kọ́ ọ̀kan dáadáa lè máa fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ nígbà tí ó ń dúró de ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

BÍ Ó BÁ TI ṢẸLẸ̀ Ń KỌ́?

Ọmọ tí ó ti ṣe àṣìyàn kò tíì sọnù. WAEC àti NECO ń ṣe ìdánwò fún àwọn tí wọ́n ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga sì ń gbà kí a so èsì méjì pọ̀. Kí ọmọ wá olùkọ́, kí ó kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó kù, kí ó sì ṣe é. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbọ́ ti àwọn tí ń gba owó tí wọ́n sì ń ṣèlérí pé àwọn yóò bá ọmọ kọ ìdánwò. Bí àṣírí bá tú, a óò fagi lé èsì náà, ọmọ yóò pàdánù ọdún rẹ̀, orúkọ ilé yóò sì bàjẹ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òun ni ó mọ ìwé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ mọ bí ayé ti ń rí. Ẹ jókòó tì í kí ó tó yàn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ YÀRÁ ÌKÀWÉ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀kọ́ dandan àti ẹ̀kọ́ àṣàyàn?
2. Kí ló dé tí ọmọbìnrin tí ó ní kírẹ́díìtì 7 kò fi rí àyè kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì?
3. Àwọn ọmọ wo ní àdúgbò yín ni yóò wọ SS1 ní ọdún tí ń bọ̀, ta ni yóò sì bá wọn jókòó?
4. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ wo ni kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó sún mọ́ yín, kí sì ni ìpàdé òbí àti olùkọ́ lè ṣe sí i?