Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: OÒGÙN TÍ Ó ṢẸ́KÙ NÍ ILÉ

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ará ní Ìfẹ̀ Ìjùmú, ẹ yẹ àpótí ilé yín wò. Ní ọdún 2005, ìjọba Nàìjíríà fi àpapọ̀ oògùn tí artemisinin wà nínú rẹ̀ rọ́pò chloroquine, nítorí agbára rẹ̀ kò ká ibà mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí kò lè pa ibà mọ́ lè pa ọmọ kékeré: hóró kan tàbí méjì lè tó.

Nítorí náà:

1. Ẹ kó oògùn àṣẹ́kù lọ fún apoògùn ilé-ìwòsàn, bí yóò bá gbà á.

2. Bí kò bá gbà á, ẹ pò ó mọ́ erùpẹ̀, ẹ dì í pinpin, kí ẹ sì kó o mọ́ pàǹtírí níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.

3. Ẹ má ṣe dà á sí odò tàbí kànga; ẹ má sì ṣe sun ún ní ẹ̀hìnkùlé, nítorí èéfín rẹ̀ léwu.

Ìbéèrè: Kí ni ó wà nínú àpótí yín tí ọmọ lè rí kí ẹ tó rí i?