Níbo Ni Ìjọba Ìbílẹ̀ Ti Ń Rí Owó?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni owó ń gbà wọ àpò ìjọba ìbílẹ̀.

1. Owó tí àwa fúnra wa ń san. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ọjà, gáréèjì, odò ẹran, àti ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òun náà ló ń gba owó-orí ilé.

2. Owó àpapọ̀. Nínú ₦100 tí wọ́n bá pín láti àpò àpapọ̀, ₦20 àti kọ́bọ̀ 60 ni ti ìjọba ìbílẹ̀ 774. Iye ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín in. Nítorí náà, bí ìkànìyàn bá dé, ẹ má sáré lọ sílé. Ibi tí a ń gbé, tí a ń dáko, ni kí wọ́n ti kà wá.

3. Ìpín láti inú owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń pa wọlé.

Ní July 11, 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó àpapọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn.

Bí a bá san owó ọjà, ẹ jẹ́ kí a gba rìsíìtì. Owó tí kò ní rìsíìtì lè má dé àpò ìjọba. Òfin ọdún 1998 sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ọ̀nà láti gba owó-orí. Ẹni tó bá san owó, ìbáà ṣe onílẹ̀ tàbí àlejò, lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ohun tí wọ́n fi ṣe.

Ìbéèrè fún ìpàdé wa: Èwo nínú owó tí ẹ san lọ́dún yìí ni ẹ ní rìsíìtì rẹ̀? Kí ni ọjà wa rí gbà padà?