Bí Gáàsì Rádọ́ọ̀nù Ṣe Ń Jáde Lára Gíráńáìtì

Ilẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Èkó kò ní àpáta. Yanrìn àti amọ̀ ló wà níbẹ̀, pàápàá lẹ́bàá odò Ògùn tó gba ẹ̀yìn Máìlì 12 kọjá lọ sí ọ̀sà. Síbẹ̀, gíráńáìtì pọ̀ ní Kétu àti Ìkòsí. Típà ló ń kó o wá láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lágbègbè Abẹ́òkúta. Wọ́n ń pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì àti yanrìn láti fi da dẹ́kìn. Wọ́n sì ń gé e pẹlẹbẹ, wọ́n ń dán an, wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí káńtà ilé ìdáná. Gáàsì kan ń ti inú òkúta yìí jáde, rádọ́ọ̀nù lorúkọ rẹ̀. Kò láwọ̀, kò lóòórùn.

Yùréníọ́ọ̀mù díẹ̀ wà nínú gíráńáìtì láti ìgbà tí òkúta náà ti dì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yí padà títí yóò fi di rédíọ́ọ̀mù, rédíọ́ọ̀mù yóò sì di rádọ́ọ̀nù. Ó ń gba nǹkan bí 1,600 ọdún kí ìdajì rédíọ́ọ̀mù tó yí padà, ṣùgbọ́n ìdajì rádọ́ọ̀nù kì í lò tó ọjọ́ mẹ́rin. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà: gáàsì tí kò bá tètè rí ọ̀nà jáde, inú òkúta ni yóò ti di nǹkan mìíràn, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, iye yùréníọ́ọ̀mù nìkan kọ́ ló ń pinnu bí gáàsì yóò ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí rédíọ́ọ̀mù bá ń yí padà, ó máa ń ta rádọ́ọ̀nù nù, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí rádọ́ọ̀nù lè rìn nínú òkúta líle kò tó ìdá kan nínú 10,000 ìdá mìlímítà kan. Èyí tó bá wà ní àárín gbùngbùn inú hóró òkúta kò ní lè jáde. Èyí tó wà létí hóró tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó sán ló ń ráyè. Òkúta méjì tí yùréníọ́ọ̀mù wọn bára mu lè tú gáàsì tí kò dọ́gba rárá.

Ohunkóhun tó bá ń la òkúta ń ṣí ọ̀nà fún rádọ́ọ̀nù. Àpáta tí oòrùn àti òjò ti jẹ lára ń tú u ju èyí tó ṣì le gbagidi lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta tí ẹ̀rọ fọ́ wẹ́wẹ́: bí ó bá ṣe kéré tó ni ojú tó fi kan afẹ́fẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ ti omi jẹ́ ìyanu díẹ̀. Bí àlàfo inú òkúta bá gbẹ, rádọ́ọ̀nù lè fò kọjá rẹ̀ kó lọ há sára òkúta tó wà lódìkejì. Bí omi díẹ̀ bá wà níbẹ̀, omi náà á dá a dúró sínú àlàfo, á sì ráyè jáde lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n bí omi bá kún àlàfo náà dẹ́nu, gáàsì kì í lè yára rìn nínú rẹ̀. Púpọ̀ yóò ti tán kó tó débi afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí òkúta tó rin díẹ̀ fi ń tú gáàsì ju èyí tó gbẹ táútáú lọ, tó sì tún ju èyí tó wà lábẹ́ omi lọ. Ooru náà ń mú kí gáàsì jáde sí i.

Ẹ̀rù káńtà ilé ìdáná ló máa ń kọ́kọ́ ba àwọn èèyàn, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Pẹlẹbẹ òkúta kan kéré, ojú rẹ̀ sì ti dán. Ilẹ̀ abẹ́ ilé ló sábà máa ń tú rádọ́ọ̀nù jù. Ilé tó jókòó lórí àpáta ní Ìdànrè tàbí Abẹ́òkúta nídìí láti ṣọ́ra ju ilé orí yanrìn ní Ìkòsí lọ.

Afẹ́fẹ́ ló kù. Nínú yàrá tí wọ́n ń ṣí fèrèsé rẹ̀, gáàsì náà ń bá atẹ́gùn lọ. Nínú èyí tí wọ́n tì pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, ó ń kóra jọ. Bí ó bá pọ̀ tí èèyàn sì ń mí i sínú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ewu náà sì ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń mu sìgá. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá pé kí ó má ju 100 bẹkẹrẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ìtànṣán) lọ nínú kúbíìkì mítà kan afẹ́fẹ́ inú ilé. Ike kékeré kan tí wọ́n gbé sínú yàrá fún oṣù bíi mẹ́ta ni wọ́n sábà fi ń wọ̀n ọ́n.