Eré Kọ̀ǹpútà: Ká Rà Á Nínú Páálí Ni, Tàbí Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì?

Káfíńtà kan wà nínú kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yege ìdánwò. Bàbá náà sì ti ṣèlérí tẹ́lẹ̀ pé bí ó bá yege, òun yóò ra eré kọ̀ǹpútà fún un. Eré bọ́ọ̀lù ni ọmọ náà ní òun fẹ́. Ni bàbá bá kó owó sápò, ó wọkọ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù kan tí a kò ní dárúkọ. Wọ́n fún un ní páálí kan tí ó ń dán, àwòrán agbábọ́ọ̀lù wà lára rẹ̀. Ó sanwó, kò tilẹ̀ ná an púpọ̀, nítorí inú rẹ̀ ń dùn.

Nígbà tí ó délé, wọ́n tú páálí náà. Kò sí àwo nínú rẹ̀! Bébà pélébé kan ni wọ́n bá níbẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n tẹ̀ sí i. Ọmọ tẹ nọ́ńbà náà sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní ẹnìkan ti lò ó. Ní ọjọ́ kejì, bàbá padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin tí ó tajà fún un ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí wa. Ọjà tí ẹ bá ti tú, a kì í gbà á padà." Bẹ́ẹ̀ ni owó ṣe wọgbó.

Ó mú páálí náà wá sí kíláàsì. Gbogbo wa jókòó tì í, a sì kà á. Lẹ́yìn páálí, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ èèrà pé kò sí àwo nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ní íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì. Bàbá ní, "Háà! Ohun tí mo lè kà nìyí o. N kò wo ẹ̀yìn rẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá dé egungun. Òun ni ó mú wa kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Kí ni à ń rà gan-an?

Bí a bá ra aṣọ, aṣọ di tiwa. A lè wọ̀ ọ́, a lè yá ọ̀rẹ́, a lè tà á. Ṣé eré kọ̀ǹpútà náà rí bẹ́ẹ̀? Nígbà kan rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, inú àwo síídì ni eré máa ń wà. Ẹ fi àwo sínú kọ̀ǹpútà, eré bẹ̀rẹ̀, ó parí.

Báìtì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi kóńgò wọn gàrí. Mẹ́gábáìtì 1,000 ni gígábáìtì 1. Àwo síídì kan ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 700. Àwo DVD tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń gba gígábáìtì 4.7, èyí tí ó jẹ́ onípele méjì ń gba 8.5.

Ní ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ Valve ní Amẹ́ríkà ṣí ọjà kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Steam ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2004, Valve gbé eré Half-Life 2 jáde. Wọ́n tà á nínú páálí pẹ̀lú àwo, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rà á kò lè ta eré náà àfi bí ó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lórí Steam. Ṣé ẹ rí i? Àwo wà lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ páálí ti di àpò lásán. Ní 2015, nígbà tí Metal Gear Solid V jáde, àwọn tí wọ́n ra páálí rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà rí àwo nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń ṣí Steam nìkan ni wọ́n bá lórí àwo náà. Wọ́n ní láti fa eré gan-an láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí á máa bi ẹni tí ń tajà ni èyí: bí mo bá ra eré yìí tán, ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí The Crew. Eré ìsáré mọ́tò ni. Ubisoft, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé, ni ó gbé e jáde ní 2014. Ní oṣù kejìlá 2023, wọ́n dá títà rẹ̀ dúró. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2024, wọ́n pa àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí eré náà gbára lé. Ẹni tí ó rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ta á mọ́. Ẹni tí ó ra àwo rẹ̀, tí ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, òun náà kò lè ta á mọ́. Inú àwọn ènìyàn ru. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti fi ẹ̀hónú hàn, Stop Killing Games ni wọ́n pè é. Nígbà tí ó fi máa di oṣù keje 2025, àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn ní Yúróòpù ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní 2025. Ó ní ẹni tí ó bá ń ta irú ọjà yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà ní kedere pé àṣẹ láti lò ó ni òun ń tà, pé kì í ṣe ọjà náà gan-an. Ó dà bí ilé tí a háyà. Ẹ lè sùn níbẹ̀, ẹ lè gbé àga síbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe tiyín.

Ọ̀rọ̀ ogún ńkọ́? Ìyá kan nínú kíláàsì ló bi wá, ìbéèrè náà sì dára. Àdéhùn Steam kò gbà kí á ta àkáǹtì wa tàbí kí á gbé e fún ẹlòmíràn. Ìyẹn ni pé bàbá tí ó ti ra ọgọ́rùn-ún eré síbẹ̀ kò lè pín in fún àwọn ọmọ bí ó ṣe lè pín oko kòkó. Ohun tí wọ́n gbà ni pé, láti ọdún 2024, ènìyàn 6 nínú ìdílé kan lè jọ máa lo eré ara wọn nígbà tí wọ́n bá wà láàyè. Ìyá náà mi orí, ó ní, "Ó dáa náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ogún."

Síbẹ̀, a kò ní bú ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ire tirẹ̀. Láti 2015, bí ẹ bá ra eré lórí Steam tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè dá a padà kí wọ́n sì dá owó yín padà, bí kò bá tí ì ju ọjọ́ 14 lọ tí ẹ rà á, tí ẹ kò sì tí ì ta á tó wákàtí 2. Nígbà tí káfíńtà wa gbọ́ èyí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí á lọ kà á sí etí ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀bù yẹn. Wọ́n tún máa ń dín owó ọjà kù gidigidi lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́dún. Ọjà mìíràn wà tí ń jẹ́ Epic Games Store, ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá 2018. Wọ́n máa ń fún àwọn oníbàárà ní eré lọ́fẹ̀ẹ́.

Wàhálà tiwa níhìn-ín ni dátà. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ó. Eré Baldur's Gate 3 ń fẹ́ àyè gígábáìtì 150. Bí a bá fẹ́ kó èyí sórí àwo DVD onípele méjì, 150 nínú 8.5, àwo 18 ni a ó kó jọ! Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ń ṣe eré fi sá kúrò nídìí àwo. Ó dára, ká fà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ká ní íntánẹ́ẹ̀tì wa ń gbé mẹ́gábíìtì 10 wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ má ṣi bíìtì mú fún báìtì o. Bíìtì 8 ni ó wà nínú báìtì 1. Ó máa gbà wá ní wákàtí 33 ó lé díẹ̀, láìsinmi. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ má bẹ̀rù, ibi tí ó dé ni yóò ti tẹ̀síwájú nígbà tí iná bá dé. Ṣùgbọ́n owó dátà kì í dúró de iná. Ní oṣù kìn-ín-ní 2025, ìjọba fàyè gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Kí ẹ tó ra eré, ẹ wo iye gígábáìtì rẹ̀, kí ẹ fi owó dátà kún owó eré. Ìgbà yẹn ni ẹ ó tó mọ iye tí ẹ rà á.

Dọ́là ni wọ́n sì fi ń ta ọjà ní Steam fún wa. Ẹ rántí oṣù kẹfà 2023: dọ́là tí ìjọba ń pè ní ohun tí kò tó 500 náírà kọjá 700 kí oṣù náà tó parí. Eré kò yí padà, owó rẹ̀ ni ó fò sókè.

Àwo ńkọ́? Àwo àtijọ́ tí kò béèrè àkáǹtì ṣì wúlò fún ẹni tí kò ní dátà, ẹ lè yá ènìyàn, ẹ lè tà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo kọ̀ǹpútà yín dáadáa, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà nísinsìnyí kò ní ojú tí a ń ti àwo bọ̀. Àwọn àwo kan tí wọ́n fi àgádágodo SafeDisc tì pa kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí Windows 10 ti dé ní 2015. Bí ẹ bá sì lọ ra àlòkù ní Computer Village ní Ìkẹjà, tí eré náà jẹ́ irú èyí tí ń béèrè nọ́ńbà, ẹ mọ̀ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á ti lo nọ́ńbà rẹ̀. Àwo ayédèrú ni ká má tilẹ̀ fọwọ́ kàn. Olè ni, fáírọ́ọ̀sì sì máa ń wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì. Ọjà kan wà tí ń jẹ́ GOG, àwọn ará Pólándì ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2008. Wọn kì í fi àgádágodo sí eré. Bí ẹ bá ti sanwó, ẹ lè fa odindi rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fúláàṣì tàbí háàdì díìsìkì, ẹ kò sì ní nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti ta á mọ́. Lójú tiwa, èyí ni ó súnmọ́ ríra aṣọ jù lọ. Ọ̀pọ̀ eré tuntun ńláńlá ni kò sí níbẹ̀ ṣá.

Káfíńtà wa ronú sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ṣì ń sunkún bọ́ọ̀lù, bàbá ní pápá wà níta, kó lọ gbá a níbẹ̀. Wọ́n wá fẹnu kò sórí Stardew Valley, eré oko dídá tí ẹnìkan ṣoṣo ṣe, tí ó jáde ní 2016. Kò tó gígábáìtì kan, GOG sì ń tà á. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ fi káàdì sanwó. Ṣùgbọ́n kí ó tó tẹ bọ́tìnì, bàbá ní kó dúró ná. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń kà á sókè, ó sì ń béèrè ìtumọ̀ èyí tí kò yé e. Ó gbà wọ́n ní ogójì ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da eré náà sínú fúláàṣì. Bàbá fi ọ̀rá wé e, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí tí rìsíìtì ilẹ̀ rẹ̀ wà.